Láti Ìyìn dé Ìkógòsì: Wáyà tí ó Yẹ Ọkọ̀ tí à ń Sùn Nínú Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti gba Ìyìn-Èkìtì kọjá rí yóò ti gbọ́ nípa Òkúta Àbánijọrìn. Àpáta ńlá ni, ó jókòó sí àyè rẹ̀ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń rìn lọ tí ó sì ń wò ó, yóò dàbí ẹni pé àpáta náà ń bá a rìn ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń sáré díẹ̀, n ó sì dúró lójijì, kí n lè mọ̀ bóyá yóò kọlù mí lẹ́yìn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nísinsìnyí tí mo ti di tíṣà ní ìlú yìí, ohun mìíràn ni ó ń bá mi rìn kiri: bọ́ọ̀sì àlòkù kan tí àwọn aládùúgbò sọ ní “Ilé Tíṣà.” Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi sọ lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ wáyà iná inú rẹ̀, nítorí díẹ̀ ni ó kù kí wáyà náà sọ mí di ẹni tí à ń bá kẹ́dùn.

Ìyàwó mi ń ta aṣọ. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni ó ń ná, láti ìlú dé ìlú ní àárín gbùngbùn Èkìtì. Bí ilé-ìwé bá ti wà ní ìsinmi, tàbí bí ọjọ́ ọjà bá bọ́ sí Sátidé, èmi ni dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí ilẹ̀ bá ṣú bá wa lọ́jà, a ó di ẹrù, a ó sì máa bọ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn oníṣẹ́ ibi pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì wa yìí, ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Emùré. Láti ọjọ́ náà ni Yèyé mi ti pàṣẹ pé ọmọ òun kò gbọdọ̀ wa mọ́tò lóru mọ́. Àṣẹ ìyá ni, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Bí a bá sì ní kí á máa gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì ní gbogbo ìgbà, èrè aṣọ ti tán nìyẹn.

Bí a ṣe ra bọ́ọ̀sì nìyẹn o. Volkswagen T4 ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe dáńfó ní Èkó. Mo yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, káfíńtà ilé kejì wa kan ibùsùn pákó sí i, ó ṣe àpótí aṣọ sábẹ́ ibùsùn, ìyàwó mi rán kọ́tìnì. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, a ó tọrọ àyè nínú ọgbà ilé-ìwé tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ní géètì àti ọdẹ, a ó sùn sínú ọkọ̀, ó di àárọ̀.

Ẹ má rò pé èmi ni mo kọ́kọ́ ronú irú nǹkan báyìí. Ọdún 1950 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bọ́ọ̀sì wọn ní Jámánì, kò sì pẹ́ rárá tí ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Westfalia fi bẹ̀rẹ̀ sí to ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú rẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ràn ìrìn-àjò. Nílẹ̀ tiwa níbí, àwọn àgbà kò tí ì gbàgbé ọkọ̀ sinimá ìjọba tí ó máa ń ti ìlú dé ìlú nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso. Ọkọ̀ náà a gbé ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ lọ́wọ́, a ta aṣọ funfun sí gbangba, gbogbo ìlú a sì jókòó sílẹ̀. Ibi tí iná kò dé, ọkọ̀ náà a gbé iná dé ibẹ̀. Ohun tí èmi náà ń wá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: gílóòbù méjì, fáànù kékeré kan, ibi tí a ó ti máa ṣáàjì fóònù àti ẹ̀rọ POS ìyàwó mi, àti ibi tí n ó máa ki kọ̀ǹpútà alágbèéká mi bọ̀ tí mo bá ń múra iṣẹ́ kíláàsì sílẹ̀.

Ta ni mo wá pè kí ó ṣe é? Ẹni tí ó fa iná sí ilé tí mo ń gbé. Mo ní iná ni iná ń jẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Ọ̀rẹ́ mi ni, ọmọlúwàbí sì ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Wáyà tí ó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ ilé kan ni ó kó wá. Ó so ó mọ́ bátìrì níwájú, ó gbà á láti inú ihò kan tí ó wà lára páànù, ó fà á gba abẹ́ fóòmù wa dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì de sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta mọ́ ọn, irú ihò roboto tí àwọn òyìnbó kọ́kọ́ ṣe fún ohun tí wọ́n fi ń tanná sí sìgá nínú mọ́tò. Nígbà tí fíùsì já lẹ́ẹ̀mejì, ó já irun wáyà kan, ó fi dí ojú rẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, kò ní já mọ́.” Òótọ́ ni, kò sì já mọ́.

Ìsinmi gígùn dé, Yèyé ní òun ń gbọ́ orúkọ Ìkógòsì láti ìgbà tí òun ti wà ní wúńdíá, òun kò dé ibẹ̀ rí. Mo ní kò burú. Èmi, ìyàwó mi, Yèyé àti àwọn ìbejì wa, a kó sínú ọkọ̀. Láti Ìyìn, ẹ ó kọjá ní Ìgèdè, níbi tí olú ìjọba ìbílẹ̀ wa wà, ẹ ó máa lọ títí dé Arámọkọ. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti yà kúrò ní ọ̀nà Iléṣà, ẹ ó gba Ẹ̀rìjìyàn. Láti ìgbà náà lọ ni òkè yóò ti máa gùn kọjá òkè, tí igi yóò ṣú bo ojú ọ̀nà, tí afẹ́fẹ́ yóò sì tutù bí ẹni pé ẹnì kan ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí yín láti inú igbó. Ọkọ̀ mi ń mí hẹlẹhẹlẹ bí àgbà tí ń gun àkàbà, ṣùgbọ́n ó débẹ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú. A tanná, a tan fáànù, ìyàwó mi ki fóònù mẹ́rin bọ ihò kan, èmi ki kọ̀ǹpútà bọ òmíràn. Mo ń yọ̀ nínú ara mi pé mo gbọ́n. Àwọn ìbejì ti sùn lọ. Kò tó wákàtí kan tí Yèyé fi gbé orí sókè.

“Ọkọ mi,” ó ní, “kí ni ń jó bí rọ́bà yìí?”

Mo ní bóyá àwọn ará ìsàlẹ̀ ń sun igbó ni. Ó ní, “Igbó kọ́. Gbé àwọn ọmọ wọ̀nyí dìde.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, nígbà tí a gbé àwọn ọmọ kúrò tí mo sì ṣí fóòmù, wáyà náà ti rọ̀ bí ọ̀bẹ tí a ki bọ iná, awọ ara rẹ̀ ti ń yọ́, ó sì ti jó ihò kan tí ó tó owó kọ́bọ̀ sí abẹ́ fóòmù, ní ọ̀gangan ibi tí Táyé sùn sí. Mo fi ọwọ́ lásán já a kúrò. Àpá rẹ̀ wà ní ìka mi títí di òní. A fi òkùnkùn àti ẹ̀fọn ṣe ọ̀rẹ́ di òwúrọ̀. Bí ilẹ̀ ti mọ́ tí mo ní kí n tan ọkọ̀ kúrò lójú kan, bátìrì ti kú fin-ín, nítorí bátìrì kan ṣoṣo ni a ní, òun náà ni a sì fi ń fẹ́ fáànù. Èmi, ọdẹ àti ìyàwó mi ni a ti ọkọ̀ kí ó tó jí.

A lọ wo omi náà ṣá, a kò lè wá kí á má wò ó. Omi gbígbóná ń sọ̀ kalẹ̀ ní tirẹ̀, omi tútù ń bọ̀ ní tirẹ̀, wọ́n pàdé ní ojú kan, ẹ lè fi ẹsẹ̀ kan sínú èyí kí ẹ sì fi èkejì sínú ìyẹn. Inú Yèyé dùn bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò bọ́ bàtà rẹ̀. Ó kàn wò mí, ó ní, “Bàbá Ìbejì, bí a bá délé, ẹ ta ọkọ̀ yìí. Àwọn ọmọ mi kò tún sùn nínú rẹ̀ mọ́.” N kò rí èsì fọ̀. Bí mo bá tà á, a óò tún padà sí ọ̀nà òru tàbí kí ó fi ọjà tí ó jìnnà sílẹ̀. Bí n kò bá sì tà á, mo ní láti mọ ohun tí ó jó.

Mo gbé ìwé jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, ẹ má bẹ̀rù ìṣirò inú rẹ̀, kò ju ti kíláàsì kẹfà lọ.

Iná inú ilé ní agbára bí 230 fólítì. Iná inú mọ́tò kò ju fólítì 12 lọ. Ẹ fi í wé omi. Fólítì ni gíga tí àgbá omi fi ga sókè. Áńpíà ni iye omi tí ń ṣàn nínú páìpù. Bí àgbá bá wà lókè téńté, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ yóò tètè kún garawa yín. Bí àgbá bá wà ní ìwọ̀n orúnkún, bí ẹ bá fẹ́ kí garawa kún ní àkókò kan náà, páìpù ní láti sanra gidigidi. Ohun èlò tí ó ń jẹ iná 120 wáàtì kì í gbà ju ìdajì áńpíà lọ nínú ilé, ṣùgbọ́n nínú mọ́tò, áńpíà 10 gbáko ni yóò gbà. Ìyẹn ni pé wáyà tí ó tó tí ó ṣẹ́ kù fún ilé lè jó nínú ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ mi mọ iṣẹ́ ilé, ó fi òye ilé ṣe ọkọ̀. Àwọn ará Jámánì pàápàá mọ ìnira iná tí kò ga: fólítì 6 ni bọ́ọ̀sì Volkswagen ń lò títí di ọdún 1966, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 12 nínú àwọn tí wọ́n ṣe fún ọdún 1967.

Ohun kejì ni gígùn. Ènìyàn a máa rò pé láti bátìrì dé sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà iná. Irọ́ ni. Iná ń lọ, ó sì gbọ́dọ̀ padà wálé, bí ìyàwó mi ti ń lọ sọ́jà. Àlọ àti àbọ̀ ni kí ẹ kà. Mo fi okùn wọn ọkọ̀ mi láti ibi bátìrì, gba gbogbo kọ̀rọ̀, dé ẹ̀yìn: mítà 5. Nítorí náà mítà 10 ni.

Ìṣirò náà rèé. Ẹ mú gígùn àlọ àti àbọ̀ ní mítà, ẹ fi iye áńpíà sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 0.0175 sọ èyí náà di púpọ̀ (ìyẹn ni ti bàbà), kí ẹ wá fi ìwọ̀n ikùn wáyà pín in, ìyẹn nọ́ńbà 1.5 tàbí 2.5 tí àwọn oníwáyà ń pè. Ohun tí ẹ bá rí ni fólítì tí yóò sọnù sójú ọ̀nà. Bí áńpíà 10 bá ń rin mítà 10 nínú wáyà 1.5, fólítì bí 1.17 yóò sọnù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ohun tí bátìrì ní. Nínú 2.5, yóò jẹ́ 0.7. Nínú 4, 0.44. Nínú 6, 0.29. Nínú 10, kò tó 0.18. Fólítì tí ó sọnù kì í lọ sọ́run o; ooru ni ó ń dà, inú wáyà náà ni ó sì ń wà. Ó dára kí ohun tí yóò sọnù má ju mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nínú fólítì 12, ìyẹn jẹ́ 0.36.

Mo wá ro gbogbo ohun tí à ń lò pọ̀: kọ̀ǹpútà 8, fóònù àti POS 6 bí gbogbo wọn bá ń jẹun lẹ́ẹ̀kan náà, fáànù 2, gílóòbù 1. Áńpíà 17 nìyẹn. Mo ṣírò rẹ̀ sí 20 kí àyè lè wà. Wáyà tí yóò gbé e dé ẹ̀yìn láìsọ ju 0.36 nù, 10 ni. Wáyà tí ọ̀rẹ́ mi fà ńkọ́? Ẹyọ 1 ni. Mo tún fi ọ̀bẹ ha irun rẹ̀, ó pupa lóde, ó funfun nínú. Páńdà ni! Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà pa lára, bí òrùka tí wọ́n fi wúrà bò fún ìyàwó tí kò fura. Alumíníọ̀mù kò gbé iná tó bàbà, nítorí náà wáyà tí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù tẹ́lẹ̀ tún wá tẹ́ẹ́rẹ́ sí i.

Ó di ọjọ́ Sátidé, mo gba Adó lọ. Ọ̀nà Ìyìn sí Adó kò jìn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń gbà á, mo máa ń ronú pé ọ̀nà kékeré yìí so ìlú gómìnà méjì pọ̀. Ọmọ Adó ni Adékúnlé Fájuyì, ẹni tí ó kú ní Ìbàdàn ní oṣù keje ọdún 1966; ọmọ Ìyìn wa ni Adéyínká Adébáyọ̀ tí ó gba ipò rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1971. Ẹ ó wọ Adó láti Básírí, ẹ ó sì bọ́ sí Fájuyì, níbi tí ọgbà tí a fi sọrí akọni náà wà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kò mọ̀ ju pé ibẹ̀ ni a ti ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ.

Nínú ọjà, ìyá kan ni mo lọ bá tí ó ń ta ohun èlò iná oòrùn. Mo kí i, ó dá mi lóhùn, ó ní, “Tíṣà, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ẹ fẹ́ fà? 2.5 ni gbogbo ayé ń lò.” Mo ní, “Ìyá mi, ti ilé nìyẹn, ti ọkọ̀ ni mo wá rà.” Mo ṣí ìwé mi. Ó wo ìwé náà, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ kò tí ì mọ́ tí ẹnì kan yóò mú ìṣirò wá sí ṣọ́ọ̀bù òun.

Ó kó oríṣi mẹ́ta síwájú mi. Èkíní jẹ́ ẹlẹ́yọ kan, bàbà gidi, ọ̀pá kan ṣoṣo nínú awọ. Ó dára nínú ògiri, nítorí ògiri kì í jó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà, pàápàá ní ojú ọ̀nà wa, ohun tí à ń tẹ̀ síwá-sẹ́yìn yóò sì ṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Onírun púpọ̀ ni ó yẹ ọkọ̀. Èkejì jẹ́ onírun, ó sanra, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Mo gbé e, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ìyẹ́ adìẹ. Mo tọrọ ọ̀bẹ: pupa lóde, funfun nínú. Mo dá a padà láìbínú. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti iná oòrùn, irun rẹ̀ funfun. Mo ti fẹ́ kọ òun náà nígbà tí ìyá náà ní, “Ẹ ha á kí ẹ tó sọ̀rọ̀.” Mo ha á. Funfun lóde, pupa nínú! Bàbà gidi ni, tánńganran ni wọ́n fi bò ó kí ó má baà dógùn-ún. Èmi tí mo rò pé mo ti gbọ́n tán, obìnrin náà tún kọ́ mi. Ẹ rántí rẹ̀ bí ẹ bá dé ọjà: àwọ̀ òde kò ní sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ bá ha ni kí ẹ wò.

Mo ra mítà 11, pupa kan, dúdú kan, mítà márùn-ún ààbọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó rẹ̀ ga. Bàtà ilé-ìwé tí mo fẹ́ ra fún àwọn ìbejì ni mo ná sí i, wọ́n sì fi bàtà ọdún tó kọjá wọ kíláàsì tuntun.

Nígbà tí ó kan iṣẹ́, n kò pe oníná ilé mọ́. Rẹwáyà kan wà ní Ìyìn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ́tò. Àríyànjiyàn ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ni mo ra wáyà dúdú sí, nígbà tí ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ irin, tí iná lè gba ibẹ̀ padà. Kò purọ́. Bí àwọn tí ó ṣe mọ́tò ti ń ṣe nìyẹn, ó sì ń gé iye wáyà kù. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ wo ara ọkọ̀ náà.” Ó fi síkúrù ha abẹ́ rẹ̀, ìpẹtà já bọ́ sílẹ̀ bí gúgúrú. Ó dákẹ́. Ó ní kí n gbé dúdú wá.

Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ó fi àpótí fíùsì kékeré sí ẹ̀yìn ọkọ̀, wáyà 10 gbé iná dé ibẹ̀, láti ibẹ̀ ni wáyà 2.5 kúkúrú ti lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀nà wọn kò jìn. Kò sí èyí tí ó fi ọwọ́ lásán lọ́ mọ́ra. Ó fi etí bàbà bọ ìpẹ̀kun wáyà, ó fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ pinpin, ó sì fa rọ́bà bò ó. Ibi tí wáyà ti la páànù kọjá, ó fi òrùka rọ́bà sí i kí ẹnu páànù má baà máa rẹ́ ẹ jẹ bí ayùn.

Ibi tí fíùsì wà ni kí ẹ fetí sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fáànù tàbí fóònù ni fíùsì ń ṣọ́. Wáyà ni ó ń ṣọ́. Nítorí náà, ẹ̀bá bátìrì ni ó ń gbé, kí ó má jìnnà ju ìbú ọwọ́ kan lọ, nítorí gbogbo wáyà tí ó bá wà láàárín bátìrì àti fíùsì kò ní ọdẹ. Tiwa, áńpíà 30 ni ó wà níwájú wáyà 10, ó ju ohun tí à ń lò lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí wáyà náà lè gbé. Ní ẹ̀yìn, áńpíà 10 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Bí fíùsì bá já, ẹ wá ohun tí ó já a. Ẹni tí ó bá fi irun wáyà dí ojú fíùsì ti fún ọdẹ ilé rẹ̀ ní oògùn oorun.

Ó ku ọ̀rọ̀ bátìrì. Rẹwáyà ní bátìrì tí ń ta ẹ́ńjìnnì jí dàbí ẹni tí ń sáré ọgọ́rùn-ún mítà: ó lágbára fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fà á gbẹ lóru, kò ní pẹ́ kú. A dúró títí owó oṣù fi wọlé, a ra èkejì tí a lè máa fà díẹ̀díẹ̀, 100 ni wọ́n kọ sí i lára. Oríṣi tí a dí pa ni, nítorí abẹ́ àga dẹ́rẹ́bà ni a gbé e sí, bátìrì olómi sì ń tú afẹ́fẹ́ tí ó lè gbiná nígbà tí ó bá ń gba ṣáàjì, kò yẹ kí ó wà níbi tí ènìyàn ń sùn. A fi bẹ́líìtì dè é. Wáyà 16 ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀, rilé kan sì wà láàárín wọn: bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, rilé a ṣílẹ̀kùn, àwọn méjèèjì a jọ gba ṣáàjì, bí a bá pa ẹ́ńjìnnì, ó ti ìlẹ̀kùn, ohun tí a bá jẹ lóru kò kan bátìrì iwájú. Ìpẹ̀kun méjèèjì wáyà yìí ni a fi fíùsì sí, nítorí bátìrì wà ní ìhà méjèèjì. Mo ṣírò oúnjẹ òru kan: gílóòbù wákàtí márùn-ún, 5, fáànù wákàtí mẹ́jọ, 16, fóònù àti POS, 7, kọ̀ǹpútà wákàtí méjì, 16. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 44. Kò tó ìdajì 100, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí ènìyàn ti dúró bí ó bá fẹ́ kí bátìrì rẹ̀ pẹ́.

Ìyàwó mi kò gbà. Ó ní kí a kọ́kọ́ lọ sùn níbẹ̀ láìsí àwọn ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀ ní àgbàlá wa ní Ìyìn, bí ọkọ àti ìyàwó tí onílé lé jáde, tí àwọn ará àdúgbò ń bi wá pé ṣé kò sí. Ní òru kìn-ín-ní, a tan gbogbo nǹkan, mo fi mítà rẹwáyà wọn ọ́n: 12.4 lẹ́bàá bátìrì, 12.1 nínú àpótí fíùsì ní ẹ̀yìn. Ohun tí ìwé mi sọ ni ó sọ. Mo gbé ọwọ́ lé wáyà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tutù. Ìyàwó mi náà gbé ọwọ́ lé e. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ní òru kejì, èmi ni mo kọ́kọ́ sùn lọ.

Ní ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a tún gba Ìgèdè, a gba Arámọkọ, a yà sí Ẹ̀rìjìyàn, àwa márààrún. Òjò ti wẹ òkè mọ́, ìkúùkù wà lórí igi bí òwú. Ní òru, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo dìde láti fọwọ́ kan wáyà. Ní ìgbà kẹta, Yèyé ní, “Bí o kò bá ní sùn, jẹ́ kí ẹlòmíràn sùn.” Ní òwúrọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ìyàwó mi bọ́ bàtà, ó fa ọwọ́ Táyé àti Kẹ́hìndé, wọ́n wọ omi lọ, ẹsẹ̀ kan nínú gbígbóná, ẹsẹ̀ kan nínú tútù.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣì ṣófo ní ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìyàwó mi ní òun fẹ́ fi àwo ìmọ́lẹ̀ kan sí i kí àwọn oníbàárà lè rí àwọ̀ aṣọ dáadáa ní ìrọ̀lẹ́. Yèyé ti pè mí sí kọ̀rọ̀ pé kí n má fún un, ibi tí òun yóò máa ki rédíò òun bọ̀ nìyẹn.